Ìrora Àyà Kì Í Ṣe Ọ̀rọ̀ Ọ̀la

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí kan gbogbo ẹni tó ti pé ogójì ọdún, ó sì kan ẹni tí òbí rẹ̀, ọkọ rẹ̀ tàbí aya rẹ̀ ti tó bẹ́ẹ̀.

Bí ìrora bá mú àgbàlagbà kan láàárín àyà lóru, ẹ wo bá a ṣe máa ń ṣe é nílé wa. Ìyàwó á ní ọgbẹ́ inú tó ń dà á láàmú yẹn náà ni, ṣebí òun ní kó má jẹ ẹ̀wà lálẹ́. Àbúrò á ní afẹ́fẹ́ inú ni, ẹ bá a wá kóòkì kó lè gùnfẹ̀. Aládùúgbò á mú Aboniki dé, á máa fi ra á láyà. Ìyá àgbà tó jókòó sí kọ̀rọ̀ á mi orí, wọ́n á ní, "Ẹ má tan ara yín jẹ, wọ́n ti ta á ní nǹkan." Ẹnì kan á pe wòlíì lórí fóònù, ẹlòmíràn á pe àfáà. Aláìsàn fúnra rẹ̀ á gbọ́wọ́ sókè pé kí wọ́n má dààmú, bí ilẹ̀ bá mọ́, òun á lọ rí nọ́ọ̀sì. Bẹ́ẹ̀, aago ń lọ.

Ọ̀rọ̀ mi lónìí ò pé méjì. Bó bá jẹ́ ìkọlù ọkàn, èyí tí ọ̀pọ̀ ń pè ní háàtì àtáàkì, ló mú ẹni náà, wákàtí tá a fi ń jiyàn lórí ohun tó ń ṣe é gan-an ló ń pa á. Àìtètè mólè, olè ń mólóko. Ohun tó lè gba ẹ̀mí rẹ̀ là wà, àwọn mìíràn nínú wọn ò tiẹ̀ wọ́n, àmọ́ kò sí ọ̀kan nínú wọn tó ń ṣiṣẹ́ fún ẹni tó pẹ́ jù kó tó dé.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú àyà. Ọkàn wa, ẹran tí kì í sinmi ni. Láàárín ọ̀sán kan àti òru kan, ó ń lù tó ìgbà 100,000. Òun ló ń ti ẹ̀jẹ̀ kiri gbogbo ara, ṣùgbọ́n òun náà gbọ́dọ̀ rí ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀ gbà. Àwọn òpó ẹ̀jẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ kan ló lọ́ mọ́ ọn lára, tí wọ́n ń bọ́ ọ: ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì, ti apá òsì sì tún yà sí méjì. Ihò wọn ò ju nǹkan bíi mìlímítà 3 sí 4 lọ. Ibi tóóró bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀mí ènìyàn ń gbà kọjá.

Bí ọdún ṣe ń gorí ọdún, ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ máa ń lẹ̀ mọ́ inú àwọn òpó wọ̀nyí. Sìgá ń mú un yá. Ẹ̀jẹ̀ ríru ń mú un yá. Ìtọ̀ ṣúgà ń mú un yá. Ẹ wo gọ́tà iwájú ilé yín. Iyanrìn ń kó sínú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, omi ṣì ń kọjá, ẹnikẹ́ni ò kà á sí. Ọjọ́ tí òjò bá rọ̀ gan-an ni wàhálà á fojú hàn, torí pé àyè tó kù ò gba omi tó ń bọ̀. Bí ó bá wá di ọjọ́ kan, náílọ́ọ̀nù kan ṣoṣo á dí ibi tóóró tó kù, omi ò ní lè kọjá mọ́ rárá. Ti òjò yẹn ni àyà fífún, èyí tí àwọn dókítà ń pè ní ańjáínà: òpó ti tóóró, kò tíì dí. Ti náílọ́ọ̀nù yẹn ni ìkọlù ọkàn: ojú ibi tí ọ̀rá kó sí bẹ́, ẹ̀jẹ̀ dì lé e lórí, ọ̀nà dí, ẹran ọkàn tó ń retí ẹ̀jẹ̀ níwájú ibẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í kú.

Ẹ jẹ́ ká mú ańjáínà, kẹ́ ẹ lè dá a mọ̀ bẹ́ ẹ bá rí i. Ká ní bàbá kan ń gòkè láti Ọjà'ba lọ sí Gbọ̀ngàn Màpó n'Íbàdàn, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ àmàlà tán ni. Bó ṣe dé ìdajì òkè, nǹkan bẹ̀rẹ̀ sí í fún un láàárín àyà, bí ẹni pé wọ́n fi ọ̀já dì í pinpin. Kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀. Ó yọ fóònù jáde, ó gbé e sétí, ó ń ṣe bí ẹni tó ń dá ẹnì kan lóhùn, ó fara ti ògiri. Láàárín ìṣẹ́jú méjì sí mẹ́ta, ìfún náà tú, ó ki fóònù bàpò, ó ń lọ. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ibi kan náà, ohun kan náà. Bó bá dúró, á lọ. Bó bá tún tẹsẹ̀ bọ òkè, á dé.

Ańjáínà nìyẹn, kò yàtọ̀. Ohun tó bá sáà ti mú kí ọkàn ṣiṣẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ ló lè gbé e dìde: òkè gígùn, ẹrù gbígbé, ìbínú, ìjayà, ìbálòpọ̀, oúnjẹ àjẹyó, atẹ́gùn tútù àsìkò ọyẹ́. Àwọn dókítà ti mọ̀ ọ́n tipẹ́. Lọ́dún 1768, William Heberden, dókítà ará Gẹ̀ẹ́sì, ṣàlàyé àìsàn yìí níwájú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní London, wọ́n sì tẹ ọ̀rọ̀ náà jáde lọ́dún 1772. Ó kíyè sí i pé ìgbà tí ènìyàn bá ń rìn ló ń mú un, àgàgà bó bá ń gòkè, àgàgà lẹ́yìn oúnjẹ, àti pé bó bá ti dúró, ìrora náà á pòórá. Ó ti lé ní 250 ọdún báyìí, bàbá orí òkè Màpó ò sì yàtọ̀ sí àwọn tí Heberden rí.

Bàbá yìí ò tíì ní ìkọlù ọkàn, àmọ́ ara rẹ̀ ti kìlọ̀ fún un. Kó lọ rí dókítà lọ́sẹ̀ yẹn gan-an, kó má fi fóònù bo nǹkan mọ́lẹ̀. Bí ìfún náà bá wá yí padà, tó ń dé lemọ́lemọ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, tó ń pẹ́ kó tó lọ, tàbí tó ń bá a lórí ìjókòó àti lórí ibùsùn láìṣe iṣẹ́ kankan, kó má dúró de ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ọjọ́ náà gan-an ni kó dé ọsibítù, torí pé ìyẹn ti wà lẹ́nu ọ̀nà ìkọlù.

Oògùn kan wà tí àwọn dókítà máa ń fún ẹni tó ní ańjáínà, yálà ìṣù kékeré tí wọ́n ń fi sábẹ́ ahọ́n, tàbí èyí tí wọ́n ń fín sábẹ́ ahọ́n. Nitroglycerin lorúkọ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni o, ohun kan náà tí Alfred Nobel fi ṣe dáínámáìtì tí wọ́n fi ń fọ́ òkúta! William Murrell, dókítà kan ní London, ló tẹ ìwádìí jáde lọ́dún 1879 pé ìwọ̀nba kínún rẹ̀ ń dẹ ìfún àyà. Nígbà tí Nobel fúnra rẹ̀ darúgbó, tí àìsàn ọkàn mú un, nitroglycerin yìí náà ni àwọn dókítà rẹ̀ ní kó lò. Ẹ má bẹ̀rù, èyí tó wà nínú oògùn kéré débi pé kò lè bú gbàmù. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń la òpó ẹ̀jẹ̀, kí iṣẹ́ ọkàn lè fúyẹ́.

Bí dókítà bá ti fún yín ní oògùn yìí, ẹ jókòó kẹ́ ẹ tó lò ó, torí ó lè mú òòyì wá, ó sì lè mú orí fọ́ni díẹ̀. Ẹ lò ó lẹ́ẹ̀kan, kẹ́ ẹ dúró fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Bí kò bá lọ, ẹ lò ó lẹ́ẹ̀kejì. Bí ìṣẹ́jú márùn-ún mìíràn bá tún kọjá tí ìrora náà ṣì wà níbẹ̀, ẹ má wo ẹ̀yìn mọ́, ìkọlù ọkàn ni kẹ́ ẹ kà á sí.

Ẹ̀yin ọkùnrin, ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbọ́ èyí dáadáa. Ẹni tó bá lo oògùn tí ń mú ọkùnrin le, bíi Viagra, kò gbọdọ̀ lo nitroglycerin títí wákàtí 24 á fi kọjá. Bó bá jẹ́ Cialis ló lò, ó tó wákàtí 48. Méjèèjì pọ̀ lè já ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀ débi tí ènìyàn á fi kú. Bí nọ́ọ̀sì bá bi yín ní ọsibítù pé ṣé ẹ lò ó, ẹ má ti ara ìtìjú purọ́. Ẹ ní kí ìyàwó yín bọ́ síta díẹ̀ bẹ́ ẹ bá fẹ́, ṣùgbọ́n ẹ sọ òótọ́.

Ó wá kan ìkọlù ọkàn gan-an. Báwo lẹ ṣe máa dá a mọ̀? Ìrora àárín àyà ni, lẹ́yìn egungun àyà, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ò ní pè é ní ìrora. Wọ́n á ní nǹkan wúwo jókòó lé àwọn láyà, wọ́n á ní nǹkan ń fún àwọn, tàbí pé àyà àwọn ń jó. Dókítà ọkàn kan ní Amẹ́ríkà, Samuel Levine, kíyè sí ohun kan tí ẹ̀yin náà lè fojú rí: bẹ́ ẹ bá ní kí ẹni náà fi ibi tó ń dùn ún hàn yín, kì í fi ìka kan tọ́ka. Á di ọwọ́ rẹ̀ ní ìkúùkù, á gbé e lé àárín àyà. Bẹ́ ẹ bá rí ìkúùkù yẹn lórí àyà àgbàlagbà tí ojú rẹ̀ ti yí padà, ẹ dìde.

Ìrora náà lè ràn lọ sí apá òsì, tàbí apá méjèèjì, sí èjìká, sí ọrùn, sí àgbọ̀n, sí ẹ̀yìn, tàbí sí òkè ikùn. Òógùn tútù á bò ó, aṣọ rẹ̀ á tutù rinrin bí fáànù tilẹ̀ ń fẹ́ lé e lórí. Èémí rẹ̀ á máa já. Èébì lè máa gbé e. Òmíràn á sọ fún yín pé ara òun kàn sọ fún òun pé ikú ń bọ̀. Ẹ má bú u pé ojo ni. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín èyí àti ańjáínà ni pé ìsinmi ò ní lé e lọ. Ẹni náà á jókòó, á dùbúlẹ̀, á dìde, kò ní lọ.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti ń tan ọ̀pọ̀ jẹ nìyí: ìkọlù ọkàn kan wà tí kì í mú ìrora àyà dání rárá. Àwọn tó ní ìtọ̀ ṣúgà, àwọn arúgbó àti àwọn obìnrin ló máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ sí jù. Ìyá tó ń ta gààrí lè kàn ṣàdédé máa mí hẹlẹ-hẹlẹ nídìí igbá rẹ̀. Ó lè rẹ̀ ẹ́ dé egungun láìṣe iṣẹ́ kankan. Ó lè jẹ́ àgbọ̀n rẹ̀ ló ń dùn ún, kó máa rò pé eyín ni. Ó lè jẹ́ òkè ikùn rẹ̀ ló ń ta á, kí wọ́n máa po agbo jẹ̀díjẹ̀dí fún un. Bí ìyá tó ní ìtọ̀ ṣúgà bá ṣàdédé rí báyìí, tí òógùn tútù sì bò ó, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọ̀rọ̀ ibà tàn yín.

Òótọ́ ni pé gbogbo ìrora àyà kọ́ ni ti ọkàn. Ọgbẹ́ inú wà, òtútù àyà wà, ẹran ara tó fà wà. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ àti àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ló lè yà wọ́n sọ́tọ̀, kì í ṣe ìpàdé ẹbí. Bẹ́ ẹ bá dé ọsibítù tí wọ́n ní ọgbẹ́ inú ni, ẹ dúpẹ́, kẹ́ ẹ padà sílé. Ẹnikẹ́ni ò ní fi yín ṣe yẹ̀yẹ́.

Kí ló wá yẹ ká ṣe? Ẹ jọ̀wọ́, ẹ wá bírò.

Èkíní, ẹ jẹ́ kó jókòó. Kó jókòó sílẹ̀, kó fẹ̀yìn ti ògiri, kó ká orúnkún sókè. Ẹ tú bọ́tìnnì ọrùn rẹ̀. Kó má rìn, kó má gun àtẹ̀gùn, kó má lọ wẹ̀ kó tó lọ ọsibítù.

Èkejì, ẹ pe ìrànlọ́wọ́. Nọ́ńbà pàjáwìrì ilẹ̀ wa ni 112. Ní Èkó, ẹ tún lè pe 767. Ẹ̀yin ọmọ wa tẹ́ ẹ ń gbọ́ wa ní London, 999 ni tiyín. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà l'Amẹ́ríkà, 911 ni. Ẹ sọ pé, "Ìrora àyà ni, a rò pé ìkọlù ọkàn ni," kẹ́ ẹ sì sọ ibi tẹ́ ẹ wà. Bí áńbúláǹsì ò bá lè tètè dé, a mọ bí ìlú wa ṣe rí, ẹ wá ọkọ̀, kí ẹlòmíràn wà á. Aláìsàn ò gbọdọ̀ wa ara rẹ̀ lọ, wọn ò sì gbọdọ̀ gbé e sórí ọ̀kadà, torí bó bá dákú lórí rẹ̀, ó parí.

Ẹ̀kẹta, asipirín. Asipirín mìlígíráàmù 300 ni, kó fi eyín rún un wómúwómú kó tó gbé e mì, kó lè tètè wọ inú ẹ̀jẹ̀. Èyí tí ọ̀pọ̀ kẹ́mísìtì ń tà fún àwọn tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, mìlígíráàmù 75 ni. Mẹ́rin nínú rẹ̀ ló pé. Panadol kọ́ o, Panadol ò lè ṣiṣẹ́ yìí. Ẹ má fún ẹni tí asipirín máa ń bínú sí ara rẹ̀, ẹni tó ń pọ ẹ̀jẹ̀ tàbí tó ń yàgbẹ́ dúdú, tàbí ẹni tí ẹnu rẹ̀ wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan tí apá kan sì rọ, torí ìyẹn lè jẹ́ àrùn rọpárọsẹ̀. Bẹ́ ẹ ò bá sì ní asipirín nílé, ẹ má dúró wá a kiri. Ẹ máa gbé e lọ.

Iṣẹ́ wo ni oògùn olówó pọ́ọ́kú yìí lè ṣe? Lọ́dún 1988, wọ́n tẹ èsì ìwádìí ńlá kan tí wọ́n ń pè ní ISIS-2 jáde. Àwọn aláìsàn 17,187 tí wọ́n fura sí ìkọlù ọkàn lára wọn ni wọ́n tọ́jú, ní ọsibítù 417, ní orílẹ̀-èdè 16. Nínú ọgọ́rùn-ún tí wọn ò fún ní asipirín tí wọn ò sì fún ní oògùn tí ń yọ́ ẹ̀jẹ̀ dídì, nǹkan bíi 13 ló ti kú láàárín ọ̀sẹ̀ márùn-ún. Nínú ọgọ́rùn-ún tó gba méjèèjì, nǹkan bíi 8 ni. Bàbá àti ìyá ẹnì kan làwọn márùn-ún tó yè yẹn.

Ẹ̀kẹrin, bó bá dákú ńkọ́? Ẹ gbọ̀n ọ́n léjìká, ẹ pe orúkọ rẹ̀. Bí kò bá dáhùn, tí kò sì mí, tàbí tó kàn ń mí gúlegúle lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ọkàn rẹ̀ ti dákẹ́. Omi tútù kọ́ lẹ máa dà sí i lórí. Ẹ tẹ́ ẹ gbalaja sórí ilẹ̀ tó le, ẹ kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹ gbé àtẹ́lẹwọ́ kan lé àárín àyà rẹ̀, ẹ gbé èkejì lé e, kẹ́ ẹ na apá yín gbọnrangandan, kẹ́ ẹ máa tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Kí àyà náà wọlé tó sẹ̀ǹtímítà 5 sí 6, kó sì tó ìgbà 100 sí 120 láàárín ìṣẹ́jú kan. Bó bá rẹ̀ yín, kí ẹlòmíràn gbà á. Ẹ má dáwọ́ dúró títí ìrànlọ́wọ́ á fi dé tàbí títí ẹni náà á fi mira.

Àwa tá a bá ti dàgbà ò lè gbàgbé ọjọ́ 12 oṣù kẹjọ ọdún 1989, nígbà tí Sam Okwaraji, agbábọ́ọ̀lù ilẹ̀ wa, ṣubú lórí pápá ní Sùúrùlérè, nínú ìdíje wa pẹ̀lú Àǹgólà, tí kò sì dìde mọ́. Ní ọjọ́ 12 oṣù kẹfà ọdún 2021, Christian Eriksen ọmọ ilẹ̀ Denmark náà ṣubú lórí pápá ní Copenhagen, ọkàn rẹ̀ dákẹ́. Lójú ayé báyìí ni wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ láyà, wọ́n fi ẹ̀rọ oníná ta á jí, lọ́dún tó tẹ̀ lé e ó ti ń gbá bọ́ọ̀lù. Ohun tó ń mú ọkàn dákẹ́ lójijì pọ̀, ìkọlù ọkàn sì wà lára àwọn tó ń fà á jù. Ọwọ́ tó bá wà nítòsí ló máa kọ́kọ́ ṣiṣẹ́, ọwọ́ yín ni.

Ó yẹ kí n fẹnu ba ohun kan tó ń rìn kiri lórí WhatsApp: pé bí ìkọlù ọkàn bá bá ẹ níwọ nìkan, kó o máa húkọ́ kíkankíkan, wàá yè. Irọ́ ni. Àwọn àjọ ọkàn ní Britain àti ní Amẹ́ríkà ti kìlọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má gbẹ́kẹ̀ lé e. Ẹni tó bá dá wà, kó ṣílẹ̀kùn sílẹ̀, kó pe ènìyàn, kó rún asipirín rẹ̀, kó jókòó.

Ní ọsibítù, kí ni ẹ máa retí? Wọ́n á fi ẹ̀rọ tí wọ́n ń pè ní ECG wo bí ọkàn ṣe ń lù. Kò yẹ kó ju ìṣẹ́jú 10 lọ lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá wọlé. Bí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ kọ́kọ́ lọ gba káàdì, ẹ sọ ọ́ ketekete pé ìrora àyà ni. Wọ́n á gba ẹ̀jẹ̀ láti wá ohun kan tí wọ́n ń pè ní tróponìn, tó máa ń jò jáde nígbà tí ẹran ọkàn bá ń kú. Wọ́n lè gbà á lẹ́ẹ̀kejì lẹ́yìn wákàtí mélòó kan. Ẹ má bínú, ẹ má sì gbé aláìsàn lọ sílé torí pé ti àkọ́kọ́ dára.

Bó bá jẹ́ pé òpó ti dí pátápátá, ọ̀nà méjì ni wọ́n fi ń ṣí i. Ọ̀kan ni oògùn tí ń yọ́ ẹ̀jẹ̀ dídì, wọ́n ń gún un sí iṣan. Láàárín wákàtí 12 tí ìrora bẹ̀rẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́, wákàtí àkọ́kọ́ sì dára ju gbogbo rẹ̀ lọ. Èkejì ni kí wọ́n gba ọrùn ọwọ́ tàbí abẹ́ ìtan ti rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ bọ òpó ẹ̀jẹ̀ títí dé ọkàn, kí wọ́n fẹ bàlúùnù kékeré sí ibi tó dí, kí wọ́n sì fi wáyà híhun kan dá ibẹ̀ dúró kó má tún padà dí. Andreas Grüntzig ló kọ́kọ́ fi bàlúùnù ṣí òpó ọkàn ẹni tó jí sílẹ̀, ní Zurich, lóṣù kẹsàn-án ọdún 1977. Èyí ló dára jù bí ọsibítù tó ń ṣe é bá wà nítòsí, àmọ́ ibi tí wọ́n ti ń ṣe é lórílẹ̀-èdè wa ò pọ̀, owó rẹ̀ ò sì kéré. Ìdí nìyẹn tí kò fi yẹ ká fi àsìkò ṣòfò nílé: ẹni tí ọ̀nà ọsibítù jìn sí ló yẹ kó kọ́kọ́ gbéra.

Ẹran ọkàn tó bá ti kú kì í jí mọ́. Ẹni tó pẹ́ nílé lè má kú, ṣùgbọ́n ọkàn tó kù fún un ò ní lágbára bíi ti tẹ́lẹ̀. Ẹsẹ̀ á máa wú, àtẹ̀gùn ilé rẹ̀ á di òkè fún un.

Ẹni tó bá sì ti yè é, oògùn rẹ̀ kò tán o. Asipirín ojoojúmọ́ wà níbẹ̀, oògùn tí ń dín ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ kù wà níbẹ̀, ti ẹ̀jẹ̀ ríru wà níbẹ̀. Bí ara bá ti yá, àwọn ènìyàn wa á ní kí ni àwọn tún ń gbé oògùn mì sí. Torí pé ẹ̀ ń gbé e mì lara fi yá! Ẹ má fi agbo rọ́pò rẹ̀, ẹ má sì dá a dúró láìsọ fún dókítà. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí nǹkan kan ò ṣe, ẹ má dá asipirín ojoojúmọ́ lò fúnra yín, torí ó lè mú inú ṣẹ̀jẹ̀.

Ká tó dágbére, báwo la ṣe lè sá fún un? Lọ́dún 2004, ìwádìí INTERHEART tí wọ́n ṣe ní orílẹ̀-èdè 52 fi hàn pé ohun mẹ́sàn-án péré ló wà lẹ́yìn èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ìkọlù ọkàn tó ń kọ́kọ́ ṣẹlẹ̀ sí ènìyàn. Sìgá àti ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ ló ṣáájú. Lára àwọn yòókù ni ẹ̀jẹ̀ ríru, ìtọ̀ ṣúgà, ikùn ńlá, ìrònú, àìjẹ èso àti ẹ̀fọ́, àti ìjókòó sójú kan. Ẹ kà wọ́n, ẹ ò rí apètà níbẹ̀.

Nítorí náà, ẹni tó ń mu sìgá, kó jáwọ́. Ẹ lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru yín wò, bó bá ń wà ní 140 lórí 90 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ gba ìtọ́jú, ẹ má kàn sọ pé, "Kì í ṣe ìpín mi." Iyọ̀ tó yẹ kí àgbàlagbà jẹ lóòjọ́ kò tó ṣíbí ìpotíì kan tó kún, ti inú Maggi sì wà nínú ìṣirò náà. Ẹ máa fẹsẹ̀ rìn kíákíá, ìṣẹ́jú 30, ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀.

Ẹ̀yin olùgbọ́ wa, ohun mẹ́ta ni mo bẹ̀ yín kẹ́ ẹ ṣe kẹ́ ẹ tó sùn lónìí. Ẹ fi 112 sínú fóònù yín. Ẹ ra asipirín díẹ̀ sílé, kẹ́ ẹ sọ ibi tẹ́ ẹ fi í sí fún gbogbo ará ilé. Kẹ́ ẹ sì bèèrè ọsibítù tó súnmọ́ yín jù tó ní ẹ̀rọ ECG, tó ń ṣiṣẹ́ lóru. Bí àyà bá wá ń fún ẹnì kan nílé yín, tó sinmi fún ìṣẹ́jú márùn-ún tí kò lọ, ẹ gbé e lọ. Ẹni tó bá fẹ́ gbàdúrà, kó máa gbà á nínú ọkọ̀.